Páálí Mẹ́ta, Ọ̀pá Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ọ̀nà Tí Oríkèé Ara Ń Gbà Yí

Ẹ dìde dúró. Ẹ gbé apá ọ̀tún yín sókè láti iwájú títí ọwọ́ á fi tọ́ka sí òkè àjà. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tún gbé e sókè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbà á láti ẹ̀gbẹ́. Ibi kan náà ni ọwọ́ dé lẹ́ẹ̀mejèèjì, àmọ́ ọ̀nà tó gbà débẹ̀ yàtọ̀, àwọn iṣan tó ṣiṣẹ́ jù kì í ṣe ọ̀kan náà, ibi tó ti máa ń dun ẹni tí èjìká ń yọ lẹ́nu náà sì lè yàtọ̀.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn tó ń tọ́jú oríkèé, àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá àtàwọn tó ń ya àwòrán inú ara fi ní èdè kan tí wọ́n jọ ń sọ. Èdè náà ni ti planes (ojú pẹlẹbẹ tí ìrìn ara ń gbà) àti axes (ìlà tí oríkèé ń yí ká). Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń há a sórí. Èmi náà há a, mo sì lè kà á láìmí. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa ní kí n dùbúlẹ̀ kí n sọ orúkọ plane tí ẹsẹ̀ mi ń gbà, gbogbo ẹ̀ ló fò lọ, torí ẹni tó wà nínú àwòrán ìwé mi, ìdúró ló wà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò gba híhá. Ẹ wá páálí kan àti bírò kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìdúró tí ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ nàró ṣánṣán, ojú wo iwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síwájú. Apá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú, àtàńpàkò kọjú síta. Ìdúró yìí ni wọ́n ń pè ní anatomical position. Òun ni òdo tí a ti ń ka gbogbo nǹkan yòókù.

Àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú síwájú yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí kò sẹ́ni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì báyẹn. Ó nídìí. Eegun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, radius àti ulna. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú síwájú, àwọn méjèèjì á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú irin rélùwéè. Bí ẹ bá yí àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn, radius á gun orí ulna kọjá, wọn á sì dábùú ara wọn. Ó sàn ká bẹ̀rẹ̀ ìṣirò níbi tí nǹkan kò tíì lọ́ mọ́ra.

Ẹ rántí pé ọ̀tún àti òsì jẹ́ ti ẹni tó ni ara, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Ìdúró yìí náà la sì ń fi sọ̀rọ̀ kódà bí ẹni náà bá jókòó, tó dùbúlẹ̀, tàbí tó dorí kodò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi bírò gún páálí

Ẹ gé páálí pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi bírò gún un láàárín kó yọ sí ìhà kejì, kó sì dúró gbọnrangandan láìfì sí ibì kankan. Ẹ wá yí páálí náà lára bírò. Ó ń yí lóòótọ́, àmọ́ kò kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀. Bírò ní tirẹ̀ dúró sójú kan. Páálí ni plane. Bírò ni axis. Láti ibi yìí lọ, páálí àti ọ̀pá ni màá máa pè wọ́n.

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ọ̀pá kọjú sí, ẹ ti mọ páálí tirẹ̀, torí ńṣe ni ọ̀pá máa ń gún páálí ní dígírì 90. Táyà kẹ̀kẹ́ ń yí lọ síwájú, irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá sì lọ láti ọ̀tún sí òsì. Ilẹ̀kùn ń gbá afẹ́fẹ́ yàrá bó ṣe ń ṣí, àmọ́ àwọn irin tó so ó mọ́ férémù tò láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé páálí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Lójú tèmi, ẹ wá ọ̀pá ná. Ìbéèrè tó ń mú un jáde kò ju ọ̀kan lọ: kí ni kò kúrò lójú kan? Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, níbi kókó eegun méjì tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ ká apá náà kò, ẹ nà án, ẹ tún ká a kò. Ọwọ́ ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kókó méjèèjì kò kúrò lábẹ́ ìka yín. Tòsí ibẹ̀ ni ọ̀pá ìgúnpá gbà, láti ìhà kókó kan sí ìhà èkejì. Ẹ ti fọwọ́ kan axis nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yí bírò sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ di bírò mú síwájú àyà yín kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí òsì. Páálí dúró báyìí bí ògiri tó ya ọ̀tún sọ́tọ̀ kúrò lára òsì. Sagittal plane nìyẹn. Sagitta lédè Látìn ni ọfà: ọ̀nà tí ọfà máa gbà ni, bí wọ́n bá ta á sí yín níwájú tó sì yọ lẹ́yìn. Èyí tó gba àárín gbùngbùn, láti orí imú gba ìdodo, ni wọ́n ń pè ní median, ọ̀kan ṣoṣo sì ni. Àwọn yòókù tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lóǹkà: èjìká ní tirẹ̀, orúnkún ní tirẹ̀.

Nínú páálí yìí ni ara ti ń ká kò tó sì ti ń nà, ìyẹn flexion àti extension. Mímì orí pé bẹ́ẹ̀ ni, títẹ̀ síwájú, kíká ìgúnpá, gbígbé itan bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Orúnkún máa ń da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀, torí ẹ̀yìn ló ń ká kò sí nígbà tí ìgúnpá ń ká kò síwájú. Nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré nínú oyún ni èyí ti ṣẹlẹ̀: apá yí síta, ẹsẹ̀ yí sínú, ìgúnpá wá kọjú sẹ́yìn, orúnkún kọjú síwájú. Flexion kò túmọ̀ sí “síwájú”, bí ọ̀pọ̀ ìwé pélébé ṣe ń jẹ́ ká rò. Ní ọrùn ẹsẹ̀ pàápàá, wọ́n ní láti fún un lórúkọ méjì kí ìjà lè tán: fífa ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ojúgun ni dorsiflexion, ó máa ń tó nǹkan bíi dígírì 20, títẹ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni ń nàgà ni plantarflexion, ó máa ń tó nǹkan bíi 50.

Ó kan páálí kejì. Ẹ yí bírò kí ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí àyà yín. Páálí ti ya iwájú kúrò lára ẹ̀yìn. Frontal plane ni, àwọn míì ń pè é ní coronal. Corona ni adé. Bí ẹ bá rí agbárí èèyàn rí, ẹ ó rí ìlà kan tó gba orí kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, níbi tí èèyàn lè gbé adé kà. Òun ni coronal suture. Òmíràn kúrò lára rẹ̀, ó gba àárín orí lọ sẹ́yìn. Òun ni sagittal suture. Àwùjẹ̀ tó ń mì tìtì lórí ọmọ ọwọ́, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni. Ẹni tó bá rántí àwùjẹ̀ kò ní ṣi páálí méjì yìí pè mọ́.

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá kúrò lára lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, abduction ni. Bó bá padà wá bá ara, adduction. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, etí sì máa ń tàn wá, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ kan fi ń ya “a-b” àti “a-d” sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ń pè é. Ní ti ọmọ ìka, kì í ṣe àárín ara la fi ń wọn jíjìnnà àti sísúnmọ́. Ìka àárín ni nínú ọwọ́. Nínú ẹsẹ̀, ìka kejì tó tẹ̀ lé àtàńpàkò ẹsẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èjìká nínú páálí yìí, torí ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹ yí apá sínú kí àtàńpàkò kọjú sílẹ̀, kí ẹ wá gbé e láti ẹ̀gbẹ́ lọ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ó rí i pé ó máa há nígbà tó bá ga tó èjìká tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ má fipá mú un. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ tún gbé e: ọ̀nà là. Kókó kan wà lórí eegun apá tó máa ń lọ kọ́ òrùlé eegun tó bo èjìká; yíyí apá síta ló ń gbé kókó náà kúrò lábẹ́ òrùlé. Ẹ̀yin ẹ rò pé ẹ̀gbẹ́ nìkan lẹ gbé apá gbà, àmọ́ ọ̀pá kejì ti bá yín dá sí i. Eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká náà kò jókòó lásán: nínú nǹkan bíi dígírì 180 tí apá fi ń gòkè, oríkèé èjìká fúnra rẹ̀ ń mú nǹkan bíi 120 wá, eegun pẹlẹbẹ yẹn ń mú nǹkan bíi 60 wá bó ṣe ń yọ̀ lórí egungun ìhà. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn èjìká ẹlòmíì nígbà tó bá ń gbé apá, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Páálí kẹta: bírò dúró lóròó, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Páálí tẹ́ bí àwo, ó ya òkè kúrò lára ìsàlẹ̀. Transverse plane nìyẹn, iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni yíyí. Ẹ mi orí pé rárá: nǹkan bí ìdajì gbogbo yíyí ọrùn ló ń wá láti àárín eegun ọrùn àkọ́kọ́ àti ìkejì nìkan, níbi tí èkejì ti na èèkàn kan sókè tí àkọ́kọ́ ń yí ká. Ọ̀pá tó ṣeé fojú rí ni ẹ̀dá fi síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ojú ibi tí eegun márùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń gbá ara wọn mú fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sọ́nà páálí ọfà (sagittal), nítorí náà wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sì ń nà dáadáa, àmọ́ yíyí wọn kéré gan-an. Ẹni tó sọ pé òun ń yí ìbàdí, ẹ̀yìn àyà àti oríkèé itan ló ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù láti ọ̀tún sí òsì, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé páálí dání bí ara bá ti ṣípò

Ibi tí èmi ti ṣubú nìyí. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ na ojú sókè. Páálí tó ya òkè kúrò lára ìsàlẹ̀ kò tẹ́ mọ́. Ó ti dúró lóòró lórí ilẹ̀, torí ara ló ń bá lọ, kì í bá yàrá lọ. Gbígbé ẹsẹ̀ sókè kúrò lórí ilẹ̀ nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ ṣì jẹ́ flexion ti oríkèé itan, nínú páálí ọfà, bíi ti ẹni tó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara: aláìsàn dùbúlẹ̀, àwòrán axial, ìyẹn ti transverse plane, sì ń gé e lábúlábú láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń gbé àwòrán náà kalẹ̀ bí ẹni pé à ń wò ó láti ìhà ẹsẹ̀, ọ̀tún aláìsàn á wá bọ́ sí òsì àwòrán. Ẹni tí kò mọ èyí lè tọ́ka sí ẹ̀dọ̀ kó pè é ní nǹkan míì.

Orúkọ ìrìn náà ń bá oríkèé lọ. Ẹ na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ga tó èjìká, àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ wá ká ìgúnpá kò. Ọwọ́ ń gòkè nínú páálí adé (frontal) báyìí, síbẹ̀ flexion ló ń jẹ́, torí ọ̀pá ìgúnpá kò tíì kúrò láàárín kókó méjèèjì yẹn.

Àtàńpàkò ni olórí alágídí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí àwọn ìka yòókù, ọ̀pá rẹ̀ sì yí tẹ̀ lé e. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé tábìlì. Bí àtàńpàkò bá gba orí àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ ọmọńdinrín, flexion ni. Bó bá gòkè kúrò lórí tábìlì sọ́nà àjà, abduction ni. Páálí méjèèjì ti pààrọ̀ ipò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka iye ọ̀pá tí oríkèé ní

Ìgúnpá ní ọ̀kan fún kíká àti nínà. Ọrùn ọwọ́ ní méjì. Èjìká àti oríkèé itan ní mẹ́ta, torí orí eegun roboto tó jókòó sínú kòtò ni wọ́n. Bí ẹ bá rò pé ọrùn ọwọ́ ń yí, ẹ fi ọwọ́ kejì di apá mú pinpin lókè ọrùn ọwọ́, kí ẹ tún gbìyànjú rẹ̀. Yíyí náà á pòórá, torí radius àti ulna ló ń ṣe é. Orúnkún ń tan èèyàn lọ́nà mìíràn: bí ẹ bá nà án tán, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí, bí ẹ bá jókòó tí ẹ ká a kò, tí itan sì dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ á lè yí díẹ̀ sínú àti síta.

Iye ọ̀pá ni ẹni tó ń wọn oríkèé máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Goniometer, irinṣẹ́ apá méjì tí wọ́n fi ń wọn dígírì, ní ìṣó kan láàárín. Orí ọ̀pá ni ìṣó yẹn gbọ́dọ̀ wà. Fún orúnkún, ẹ gbé ìṣó lé kókó eegun itan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún, ẹ na apá kan rẹ̀ sọ́nà kókó eegun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ẹ na èkejì sọ́nà kókó ìta ọrùn ẹsẹ̀. Orúnkún tó dá ṣáṣá máa ń ká kò tó nǹkan bíi 135. Bí ìṣó bá yẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá, iye tí ẹ kọ sílẹ̀ kò wúlò, bó ti wù kí ẹ fojú sí i tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e lọ sínú ìrìn gidi

Ara kò mọ̀ pé páálí wà. Eegun pẹlẹbẹ èjìká fúnra rẹ̀ fì síwájú páálí adé ní nǹkan bíi dígírì 30 sí 45, ọ̀nà àárín yẹn sì ni ó sábà máa ń rọrùn jù fún èjìká tó ń dunni láti gbé apá gbà. Bí ẹnì kan bá ń rìn lọ lójú pópó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ nínú páálí ọfà, àmọ́ eegun ìdí rẹ̀ ń yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nínú páálí tó tẹ́, ó sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ìhà ẹsẹ̀ tó wà lófuurufú, nínú páálí adé. Bí rírẹlẹ̀ yẹn bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Friedrich Trendelenburg, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló ṣàlàyé àmì náà ní 1895: ẹ ní kí ẹni náà fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró, bí ìdí òsì bá jábọ́ sísàlẹ̀, iṣan ìdí ọ̀tún ló ṣeé ṣe kó má lágbára tó.

Ẹ fi bírò yín wo push-up tí ìgúnpá yọ síta. Gbogbo ara ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ojú á fẹ́ pè é ní páálí ọfà. Níbo ni ọ̀pá èjìká wà? Láti orí lọ sí ẹsẹ̀ ló nà, nítorí náà páálí tó tẹ́ ni apá òkè ń gbà. Ẹ fi ojú kan náà wo ètò eré ìdárayá yín: sísáré, kẹ̀kẹ́, àtẹ̀gùn, bíbẹ̀rẹ̀ àti dídìde, páálí ọfà ni gbogbo wọn. Ẹ fi rírìn gba ẹ̀gbẹ́ kún un, kí ẹ sì fi nǹkan kan tó ń yí ẹ̀yìn àyà kún un.

Ó ku ìdánwò kan, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí apá ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan itan. Láìyí apá rárá, ẹ gbé e síwájú kó ga tó èjìká. Ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ lọ sọ́tùn-ún ní gíga yẹn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ti kọjú síwájú báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí ẹ wá gba ọ̀nà náà ní òdìkejì: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e wá síwájú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ló kọjú sí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kò yí apá lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ó yí ní dígírì 90, síta nígbà kìíní, sínú nígbà kejì. Ernest Amory Codman, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ nípa àdììtú èjìká yìí ní 1934. Ètò tí a fi to àwọn ọ̀pá tẹ̀ léra ló fà á, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn èjìká fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ọ̀pá tó kọ́kọ́ lò, èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó fi parí.